Ihò Tó Wà Nínú Àwòrán Àyà Mi

Bí dókítà bá fi àwòrán àyà yín lé yín lọ́wọ́, ẹ má gbé e délé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn ní ọsibítù, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tí kò ní yọ ọ́ wò. Mo mọ̀ pé èyí kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ikọ́ fée máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ni pé ẹ máa yè. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ yè. Èmi yè. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹ lò ó débi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lò ó dé, ẹ má fo ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó gbé fíìmù dúdú yẹn wọlé, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí ni mo ń jìyà ẹ̀.

Oníṣòwò obì ni mí ní Ṣàgámù. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni mí, ilé Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi kò sì mọ nǹkan kan nípa obì ju kí wọ́n pín in lọ́jọ́ ìkómọ lọ. Ilé ọkọ ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìrolú nítorí pé Ìrolú ni wọ́n ń gbé. Tí àkókò obì bá dé, wọ́n á wá sọ́dọ̀ wa, àwa méjèèjì á jókòó sórí ẹní kan náà nínú yàrá ẹ̀yìn, a ó máa ṣà á. Fèrèsé kékeré kan ló wà ní yàrá yẹn, a kì í sì í ṣí i, kí atẹ́gùn má baà gbẹ obì. Kò sí ẹni tó lè ṣa obì bí Ìyá. Wọ́n á fi àtàńpàkò pa ọmọ obì lára, wọ́n á ní, "Èyí ti dáhò," wọ́n á jù ú sẹ́yìn. Obì tí kòkòrò bá ti lu kì í bá àwọn yòókù wọ agbọ̀n. Bí ẹ bá ṣàánú ẹyọ kan péré, kí agbọ̀n náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá tó ń rà á, gbogbo ẹ̀ á ti di ìyẹ̀fun. Òfin ilé wa nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn, torí pé òótọ́ ni.

Ikọ́ tèmi bẹ̀rẹ̀ lásìkò ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ayé ń wúkọ́. Mo lá oyin, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún mi ní oògùn ikọ́ olómi, ó dùn lẹ́nu, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ikọ́ kò lọ. Òógùn wá ń bò mí lójú oorun débi pé aṣọ tí mo fi sùn á rin gbingbin. Wọ́n ní ibà ni, mo lo oògùn ibà. Oúnjẹ kò wù mí mọ́. Ìró mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù mí lọ, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi lọ́jà sì ń yìn mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ sọ àṣírí ẹ̀ fún wa o, ẹ ti di sìsí!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ lọ rán bùbá tuntun tó fún mi lára, òmùgọ̀ èmi.

Àfìgbà tí ẹ̀jẹ̀ jáde. Mo ń fi obì han oníbàárà kan, ikọ́ gbé mi, kí n tó gbé ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ti ta sórí obì. Ọkùnrin náà wo obì, ó wo èmi, ó rọra da owó ẹ̀ padà sápò. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá, àwọn tó ń bá a rìn náà kò sì padà wá.

Ni ilé bá gbóná. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé àgbo wá, ó korò bí ikú, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Ẹ̀gbọ́n tèmi, Ṣọlá, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àdúrà, a gbààwẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ gan-an ni ara mi ń wá. Ìyá Ìrolú fi orógbó ránṣẹ́. Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọkọ mi, kò gbé nǹkan kan wá, ìbéèrè ló ń bi mí: "Ta lo bá jà lọ́jà? Ta lo gba oníbàárà ẹ̀?" Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó ṣe mí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń ṣe mí. Nígbà tí mi ò lè dìde lórí ẹní mọ́ láìdi ara ògiri mú ni Ẹ̀gbọ́n mi Ṣọlá sọ pé àdúrà kò ní kẹ́ni má lọ ọsibítù, ni wọ́n bá gbé mi lọ.

Ẹni tí kò bá tíì tò sí ìlà ọsibítù ìjọba kò tíì mọ ohun tí sùúrù jẹ́. Ẹ ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ó bá àwọn tó sùn mọ́jú níbẹ̀. Ẹ ó gba káàdì, ẹ ó jókòó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sí ojú fèrèsé mìíràn, ẹ ó tún jókòó. Bí mo bá ti wúkọ́, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sún. Nígbà tó fi di ọ̀sán, èmi nìkan ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba èèyàn mẹ́fà, àwọn yòókù sì lọ dúró sínú oòrùn. Ojú tì mí ju bí àyà ṣe ń dùn mí lọ. Wọ́n fún mi ní ike kékeré, wọ́n ní kí n lọ wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i níta, lábẹ́ igi. Wọ́n rí kòkòrò nínú ẹ̀. Wọ́n wá ní kí n lọ ya àwòrán àyà, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́kísíréè. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ fée, ẹ gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó oògùn lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn àwòrán àti ọkọ̀ àti ẹja tí wọ́n ní kí n máa jẹ, àwa la fi owó obì san án, débi pé obì tó yẹ kó dúró de ìgbà ọ̀wọ́n, owó pọ́ọ́kú la tà á.

Dókítà tó wò mí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, obìnrin ni, ojú ẹ̀ tutù. Ó gbé fíìmù náà kọ́ sí iwájú iná. Ó ní, "Màmá, àyà yín rèé. Ibi tó dúdú yìí, atẹ́gùn ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ dáa. Ibi tó funfun bí òwú lókè yìí, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Èyí tẹ́ ẹ rí tó rí roboto láàárín òwú yìí, ihò ni."

Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹnu ẹ̀ ń mì, mo ń rí i. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó sọ fún mi pé oṣù mẹ́fà ni màá fi lo oògùn, pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ni wọ́n á máa yẹ̀ wò láti fi mọ bí mo ṣe ń ṣe sí, pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ló ń rìn kiri Ṣàgámù. Etí mi ti di sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo ti ń ṣa obì láti ọdún tí mo ti wọlé ọkọ, mo mọ ohun tí ihò jẹ́.

Mo gbé fíìmù délé. Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́ gbé e sójú fèrèsé, kò mọ ohun tó ń wò, ó ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀. Ìyá dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gba fíìmù náà, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n wá gbé àtàńpàkò lé ibi roboto yẹn, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí obì. Omi ti ń bọ́ lójú wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ọma mi, ó ti dáhò."

Ọkọ mi ní, "Wọ́n ní oògùn wà, Ìyá."

"Oògùn wà. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Oògùn lè pa kòkòrò. Ìwọ tí mo bí sórí obì, ṣé o ti rí obì tó dáhò rí, tí ihò ẹ̀ wá dí?"

Ó ní òun ò rí i rí. Èmi náà ò rí i rí. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á: mo gba Ìyá gbọ́. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fẹ́ràn mi, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wẹ Mọ́rẹ̀nikẹ́ nígbà tí mo bí i. Wọ́n jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, wọ́n ń pe oríkì mi, "Àdùkẹ́, Àdùkẹ́," bí ẹni tó ń kí òkú. Wọ́n wá sọ pé àwọn á mú ọmọ lọ sí Ìrolú, kí ó má baà kó o. "Ọjọ́ tí àwòrán yìí bá mọ́, tí mi ò rí ihò nínú ẹ̀ mọ́, èmi gan-an ni màá fi ọwọ́ ara mi mú Mọ́rẹ̀nikẹ́ padà wá fún ẹ." Ọkọ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní ó dáa, mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì nígbà náà. Òun nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún mi, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń wá a.

Wọ́n kó obì kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n kó mi síbẹ̀. Mo ní àwo tèmi, ife tèmi, ṣíbí tèmi. Ọkọ mi á gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, á kan ilẹ̀kùn, á ti lọ kí n tó ṣí i.

Ní ti oògùn, màá sọ òótọ́. Ó pọ̀, ó sì tóbi. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sóbò, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí wọ́n tó sọ fún mi pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Èébì ń gbé mi láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń fún wa ní oògùn, a máa ń pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, kì í jẹ́ kéèyàn gbé oògùn lọ láìgbé e mì lójú ẹ̀. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ti sú mi, pé kí ni oògùn fẹ́ fi ihò ṣe. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbé e mì ná, ẹ bá mi jà tẹ́ ẹ bá gbé e mì tán." Mo gbé e mì. Kì í ṣe pé mo ní ìrètí. Mo kàn ń rò ó pé bí mi ò bá lo oògùn, àwòrán kò ní mọ́, bí àwòrán kò bá sì mọ́, ọmọ mi kò ní padà.

Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọn kò rí kòkòrò kankan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì jó. Ó ní, "Ẹ ò lè kó ran ẹnikẹ́ni mọ́ o, ẹ lọ gbá ọmọ yín mọ́ra!" Mo sá délé, bí ẹni tó ní ẹ̀dọ̀fóró bíi tèmi ṣe lè sáré mọ. Mo sọ ọ́ fún bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́.

Ó ní, "Àwòrán ńkọ́?"

Mo ní, "Wọn ò ya àwòrán, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wò. Wọ́n ní ó ti mọ́."

Ó ní, "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kọ́ ni Ìyá ní ká wò."

Ọjọ́ mìíràn tí mo lọ gba oògùn, mo ń sunkún, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n lè dákẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó mú ọmọ lọ sí Ìrolú, ó ti béèrè àwọn tó ń sun ilé wa, mo mú ọkọ mi àti Mọ́rẹ̀nikẹ́ lọ, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò ní nǹkan kan, wọ́n sì fún ọmọ ní oògùn tí àìsàn kò fi ní mú un, ó lò ó tán. Lọ́jọ́ yìí ó wá ní, "Ta ló tún máa ń jókòó tì yín kó tó di pé ó ṣe yín?" Mo ní ìyá ọkọ mi ni, lórí obì. Ó ní ṣé wọ́n ń wúkọ́? Mo ní wọ́n ń wúkọ́, ṣùgbọ́n eruku obì ni, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ó ní, "Ìyá, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ sọ pé ọmọ yín wà?"

Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe rí. Ìyá ti ń wúkọ́ kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àwa méjèèjì la wà nínú yàrá tí a kì í ṣí fèrèsé ẹ̀, àkókò obì lẹ́yìn àkókò obì. Ẹni tí a gbé ọmọ fún kí àìsàn má baà mú un, òun ni ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní kò sí ẹni tó lè fi ojú sọ pé ikọ́ fée ni, ó lè má jẹ́ òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike, ọ̀fẹ́ ni, kò ní gbà wọ́n lákòókò.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo pe gbogbo oríkì tí mo mọ̀ fún un. Ó dìde. Ó ní, "Àrùn tó ń ṣe ẹ́ kò tó, o tún fẹ́ gbé e ka ìyá mi lórí?" Ìyá gbọ́ ọ. Wọn kò bínú, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín. Wọ́n ní, "Èmi? Àyà mi kò dùn mí, mo ń jẹun, mo ń lọ oko. Ẹni tó bá ń wá ihò kiri á rí ihò. Éè ṣe èmi ni wọ́n máa ya inú ẹ̀ bí ẹni ń ya fọ́tò." Mo ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lásán ni, Ìyá, kì í ṣe àwòrán. Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Àwọn ẹbí sọ pé ọpọlọ mi ti ń yí nítorí oògùn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń mú Mọ́rẹ̀nikẹ́ wá kí mi láti ẹnu ọ̀nà lópin ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹ́ kó wá mọ́.

Mo wá fi gbogbo ọkàn mi lé àwòrán. Mo lo oògùn mi pé. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó kẹ́yìn tún mọ́. Dókítà kékeré yẹn ní mo ti gbádùn, ó kí mi kú oríire, ó ní kò pọn dandan kí n tún ya àwòrán. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló wà nínú àwòrán náà. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó gbé méjèèjì kọ́ síwájú iná, ti àkọ́kọ́ àti tuntun. Òwú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Inú mi dùn fún ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú. Mo wá rí i. Ó ti kéré sí i, àwọn ìlà funfun ti yí i ká, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ roboto.

Mo ní, "Dókítà, ìgbà wo ló máa dí?"

Ó ní, "Màmá, ó lè má dí láéláé. Ẹ wò ó, bí omi gbígbóná bá jó yín lọ́wọ́, tó jiná, ṣé àpá ò ní wà níbẹ̀ ni? Àpá yẹn kì í ṣe egbò. Àwòrán yìí kò lè sọ bóyá kòkòrò wà láàyè tàbí ó ti kú. Ibi tó ti jẹ ló ń fi hàn wá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ló ń sọ bóyá ó ṣì wà, ó sì ti sọ pé kò sí mọ́."

Ó yé mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó yé mi dáadáa, bó ṣe yé mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa rí irú ẹ̀, tí ẹ ó sì rò pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí àpá lọ bẹ̀rẹ̀ àgbo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ya àwòrán lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún yín pé ẹ ṣì ní ikọ́ fée nítorí pé ó rí funfun. Mo ní kí dókítà jọ̀ọ́ wá sọ ọ́ nílé wa bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìlà ti gùn dé ìta. Ó ní kí n mú ọkọ mi wá. Mo mú un wá. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ń mi orí, "Ẹ ṣé, Dókítà, ẹ ṣé." Nígbà tá a délé ó ní, "Wọ́n kàn ń tù wá nínú ni."

Ìyá gbé fíìmù tuntun sójú oòrùn ní Ìrolú, níwájú àwọn àgbà ilé. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣọlá ló tẹ̀ lé mi, wọ́n fi ìmọ̀ olùkọ́ ṣàlàyé, wọ́n sọ̀rọ̀ àpá, wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà ń gbọ́. Olórí ilé wá ní kí wọ́n fi àwòrán han òun. Ó béèrè pé, "Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n wò, ṣé ó mọ́?"

Ìyá gbé àtàńpàkò lé e. Wọ́n ní, "Ì bá wù mí kó mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo, àwọn àgbà ń bẹ̀ wọ́n. Èmi ò lè pariwo, èémí mi kò tó o.

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà báyìí ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilé bàbá wa. Mi ò wúkọ́ mọ́ àyàfi tí èéfín bá kàn mí. Mo ti sanra díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró mi kò padà sí bó ṣe wà, bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mo gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń kọjá á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà." Mi ò lè gbé agbọ̀n obì, bí mo bá tiẹ̀ lè gbé e, ta ni yóò ra obì lọ́wọ́ mi? Ìwé àti pẹ́ńsù ni mò ń tà fún àwọn ọmọ ilé ìwé níwájú ilé. Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́ máa ń fi gààrí àti epo ránṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ kì í wá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì àti àwọn elétò ìlera lọ sí Ìrolú nítorí Ìyá, àwọn ará ilé ní Ìyá ti lọ sí oko. Wọ́n tún lọ, wọ́n tún ní oko ni. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní jáwọ́. Mo gbà á gbọ́ pé kò ní jáwọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá yóò tètè tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àwòrán, ẹ mú ẹni tí ẹnu ẹ̀ ká ilé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí àlàyé àti àwòrán jọ wọ inú ẹ̀ pa pọ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí òun bá ti fi ọgbọ́n tara ẹ̀ kà á tán, ẹ ti pẹ́. Kẹ́ ẹ sì wo gbogbo ẹni tó ń wúkọ́ láyìíká yín, pàápàá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tí ikọ́ ẹ̀ ti pẹ́ débi pé ẹ kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìrolú. Wọ́n jẹ́ kí n rí i. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti ga, wọ́n di irun ẹ̀ dáadáa. Ìyá jókòó sábẹ́ òrùlé lọ́wọ́ kejì àgbàlá, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí, wọ́n kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo na bísíkíìtì sí ọmọ mi. Ó rìn wá, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kí mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ pọ́n. Mo rò pé oúnjẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ní, "Mọ́rẹ̀nikẹ́, gbé e mì kó o kí Mọ́mì." Ó mi orí pé rárá. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó le bí bọ́ọ̀lù, ni mo wá mọ̀ pé èémí ló dì mú. Ó gba bísíkíìtì, ó dìde, ó sáré la àgbàlá kọjá, ó gun orí ẹsẹ̀ Ìyá, ó fi ojú sí wọn lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti wá mí.